Àwọn Èèkàn Ìhà Ẹ̀pẹ́

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí Mọ́ṣádé Ògúnsànyà jẹ́, ẹ bi í ní ohun tí kò mọ̀. Kò ní sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n. Yóò bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, yóò nù ún, yóò tún fi í sójú, lẹ́yìn náà ni yóò wá sọ fún yín pé ẹ ò béèrè rẹ̀ dáadáa. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, Yorùbá ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé kan náà pẹ̀lú rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, tábìlì mi ló sì kan tirẹ̀ nínú yàrá àwọn olùkọ́. Ó pẹ́ tí mo ti ń wò ó bó ṣe ń nu gíláàsì yẹn.

Kì í ṣe ènìyàn burúkú o. Kò sí ẹni tó ń tètè dé ibi iṣẹ́ bíi tirẹ̀ nínú wa, kò sì sí ọmọ tí ebi pa tí kò ní bá nǹkan nínú àpò rẹ̀. Ìbẹ̀fún ni wọ́n bí i sí. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀, ó ń gbin ẹ̀gẹ́ àti kókò, ó sì ń bọ Ògún títí di òní. Mọ́ṣádé ni ọmọ àkọ́kọ́ tó wọ ilé-ìwé gíga ní agboolé wọn. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbẹ̀fún dé sẹ́kọ́ńdìrì ní Ìjẹ̀bú-Òde, olùkọ́ kan pè é dìde, ó bi í ní ìbéèrè, ó ṣì í. Olùkọ́ náà ní kó padà sóko lọ hú ẹ̀gẹ́, gbogbo kíláàsì sì bú sẹ́rìn-ín. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé òun búra lọ́jọ́ náà pé ẹnikẹ́ni kò ní rí òun níbi tí òun kò ti mọ nǹkan mọ́. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ohun tó wí nìyẹn. Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà, mo rò pé àpárá ni.

Ní oṣù kẹsàn-án, nígbà tí ọdún ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀, ó mú ohun kan wá tí inú gbogbo wa dùn sí. Ó ní kíláàsì Jọ́gíráfì òun, àwọn ọmọ SS2, yóò máa wọn gíga oòrùn ọ̀sán láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀, kí wọ́n lè fi ojú ara wọn rí bí ó ṣe ń ga àti bí ó ṣe ń wálẹ̀ láti ìgbà òjò dé ìgbà ọyẹ́. Ó mú bíríkìlà wá pé kó ri páìpù irin kan mọ́ àárín pápá ìṣeré, bíríkìlà sì fi okùn ìwọ̀n rẹ̀ wò ó kó má baà tẹ̀ sí ibì kan. Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ kò le. Lọ́sàn-án, kí àwọn ọmọ Mùsùlùmí tó lọ kí ìrun Àìlà, àwọn ọmọ náà yóò dúró ti òjìji páìpù yìí. Òjìji á máa kúrú, á kúrú, á wá dúró díẹ̀, kó tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Ibi tó bá kúrú dé yẹn ni wọn yóò gbá èèkàn mọ́. Bí òjìji ọ̀sán bá ṣe ń kúrú sí i láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ ni oòrùn ń ga sí i.

Ọmọ tó fi ṣe olórí iṣẹ́ náà ni Ikhlas Gbàdàmọ́sí. Ìyá rẹ̀ ń ta ìkòkò àti abọ́ ní ọjà Òkè-Àjẹ. Ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ ni, irú èyí tó máa ń kí ènìyàn tán kó tó gba ọ̀nà rẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n bó bá ti gbájú mọ́ nǹkan, ẹ ò lè fà á kúrò níbẹ̀. Òun ló sọ ìhà méjèèjì páìpù náà lórúkọ. Ìhà àríwá ni ó pè ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ìhà gúúsù ni ó pè ní Ẹ̀pẹ́, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ìlú náà wà sí wa, gbogbo kíláàsì sì gbà á bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ dé, òjìji nà gbalaja sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Lẹ́yìn ọdún tuntun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà padà. Ọ̀sẹ̀ tí a fẹ́ gba ìsinmi ọdún Àjíǹde, ó ti kúrú débi pé àtẹ́lẹwọ́ lè bò ó. Mọ́ṣádé ń lọ síbẹ̀ pẹ̀lú wọn ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó yá ó ní oòrùn ọ̀sán ń fọ́ òun lórí, ó fi í sílẹ̀ fún àwọn ọmọ.

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ kí n tó tẹ̀ síwájú. Ìwé tí Mọ́ṣádé fi ń kọ́ wọn, àwọn tó kọ ọ́ ń gbé ní ilẹ̀ òtútù. Ní ilẹ̀ tiwọn, oòrùn ọ̀sán kì í dé àtàrí ẹnikẹ́ni, ìhà gúúsù ló máa ń wà látọdún dé ọdún, inú oṣù kẹfà ló sì máa ń ga jù. Òótọ́ ni wọ́n kọ, fún ara wọn. Ní ọ̀dọ̀ tiwa níbí, oòrùn máa ń gba orí wa kọjá nínú oṣù kẹrin, á bọ́ sí ìhà Ìjẹ̀bú-Igbó, òjìji ọ̀sán á sì yí sí Ẹ̀pẹ́, á máa gùn lọ títí di oṣù kẹfà. Ìgbà tí a wà nínú ìsinmi ni oòrùn kọjá lórí páìpù yẹn, kò sí ẹni tó wà níbẹ̀. Ẹni tó bá wolẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà yóò rí i. Mọ́ṣádé kò wolẹ̀, ìwé ló wò.

A wọlé fún sáà kẹta. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ikhlas wá sí yàrá wa, ó kúnlẹ̀ kí gbogbo wa, ó ní, “Mà, òjìji ti lọ sí Ẹ̀pẹ́.”

Àwa tí ọ̀rọ̀ náà kò yé bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan béèrè bóyá ẹja ló fẹ́ rà bọ̀. Kì í ṣe Mọ́ṣádé ni a ń fi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni, inú yàrá tí ó jókòó sí sì ni. Mo rí ojú rẹ̀ tó yí padà. Ó bọ́ gíláàsì, ó nù ún. Ó ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, pé ìwé sọ ọ́ kedere pé oòrùn yóò máa ga sí i títí di oṣù kẹfà, pé òjìji yóò máa kúrú sí i níbi tó wà, kò ní fò sí ibòmíràn. Ọmọ náà tún ṣe jẹ́jẹ́, ó ní kí ó dákun bá àwọn wá wò ó, kò jìnnà. Àfi bí ẹni pé ó da epo síná.

“Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ mi?” Mọ́ṣádé wí. “Bọ́ síta. Kúnlẹ̀ síbẹ̀ títí ojú ẹ á fi là. Ẹnikẹ́ni tó bá tún rí òjìji ní Ẹ̀pẹ́, kó wá bá ọ níbẹ̀.”

Ikhlas kúnlẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí agogo ìparí fi lù. Gbogbo ilé-ìwé ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Joel, ọmọ kọ́pà tó ń kọ́ wọn ní Físíìsì, la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan, ó tún pa á dé. Àlejò ni láàárín wa, kò fẹ́ kí wọ́n ní ó ń rí àgbà fín. Bí a ṣe ń ṣe nílẹ̀ yìí nìyẹn. A ó máa wí pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n ni a fi dá Ilẹ̀-Ifẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá gbọ́n níwájú wa lójú gbogbo ènìyàn, a ó ní ó ya aláfojúdi.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó tún wá jẹ́ iṣẹ́ kankan nípa Ẹ̀pẹ́. Àwọn ọmọ ń lọ sí pápá bí ìṣe wọn. Èèkàn oṣù karùn-ún àti ti oṣù kẹfà ń sún mọ́ páìpù díẹ̀díẹ̀ ní ìhà Ìjẹ̀bú-Igbó, gẹ́gẹ́ bí ìwé ṣe wí. Mọ́ṣádé ya gbogbo rẹ̀ sórí káàdìbọ́ọ̀dù ńlá kan, ó kùn ún ní oríṣiríṣi àwọ̀, ó gbé e kọ́ sára ògiri. Ó sọ fún mi pé ojú Ikhlas ti là. Inú rẹ̀ dùn gan-an.

Lẹ́yìn Iléyá ni ìsípẹ́kítọ̀ dé. Ó ń yí àwọn ilé-ìwé ká láti yan àwọn tí yóò gbé iṣẹ́ wọn lọ sí Abẹ́òkúta, níbi tí àwọn ilé-ìwé gbogbo ìpínlẹ̀ wa ti máa ń pàdé. Ọmọ mẹ́rin ni yóò lọ láti ọ̀dọ̀ wa, Ikhlas sì ni olórí wọn. Ìyá rẹ̀ ti sọ ọ́ fún gbogbo Òkè-Àjẹ, ó ní kò sí ẹni tó lọ dúró fún ilé-ìwé rí nínú ìran àwọn. Bàbá àgbàlagbà ni ìsípẹ́kítọ̀ náà, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó wo káàdìbọ́ọ̀dù náà pẹ́, ó yìn ín pé ó mọ́ tónítóní, lẹ́yìn náà ló ní òun fẹ́ rí páìpù.

Òjò ti rọ̀ láàárọ̀, a rò pé oòrùn kò ní yọ. Ṣùgbọ́n bí a ṣe dé pápá lọ́sàn-án, ìkùukùu là lójú kan, oòrùn sì tàn. Òjìji páìpù nà sílẹ̀ kedere, ìhà Ẹ̀pẹ́ ló wà. Àwọn èèkàn tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ní ìhà kejì, kò sí òjìji kankan lọ́dọ̀ wọn. Bàbá náà wo òjìji, ó wo èèkàn, ó wo ojú gbogbo wa. Ó béèrè ẹni tó gbá àwọn èèkàn yìí síbẹ̀.

Mo wo Mọ́ṣádé. Ilẹ̀ ló ń wò. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a, a ti gbọ́ òwe yẹn títí ó fi sú wa. Ohun tí òwe náà kò sọ fún wa ni pé ẹlòmíràn lè bọ́ síwájú ní ọjọ́ náà gan-an kó gba ẹrù irọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀.

“Èmi ni, sà,” Ikhlas wí. “Èmi ni mo ṣì í.”

Ìsípẹ́kítọ̀ yí sí Mọ́ṣádé. “Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, mà?”

Mọ́ṣádé mi orí. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ojú tì mí fún un débi pé mo yí ojú mi sí ibòmíràn. Ìsípẹ́kítọ̀ ní iṣẹ́ náà dára, a lè tún un ṣe kí a sì gbé e wá, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá gbé ohun tí kò rí kalẹ̀ bí ẹni pé ó rí i, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dé Abẹ́òkúta. Pírínsípà wa ní kò sí ẹjọ́ níbẹ̀. Ó ní òun yóò pe ọmọ náà jáde lórí ìlà ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, níwájú gbogbo ilé-ìwé, òun yóò sì fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀, kí àwọn yòókù lè fi í kọ́gbọ́n. Ikhlas kúnlẹ̀, ó ní ẹ ṣeun, sà. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ kò gbé ojú sókè.

Ọjọ́ Ẹtì ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Mọ́ṣádé kó àpò rẹ̀, kò dágbére fún ẹnikẹ́ni. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ohun tó tẹ̀lé e fún mi nígbà tó yá. Ó ní òun kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà, pé bí ọmọ òun Ayọ̀fẹ́ ṣe ń pe òun ni òun ń gbọ́ ohùn Ikhlas. Ní ọjọ́ kejì, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbẹ̀fún lọ bá bàbá rẹ̀. Ó bá a níbi tó ti ń pọ́n àdá lẹ́yìn ilé, ó jókòó tì í, ó rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní òun rò pé bàbá yóò ní kí òun gbé ọ̀rọ̀ náà mì, nítorí òun ni ògo rẹ̀, kò sì ní fẹ́ kí ayé fi òun rẹ́rìn-ín.

Bàbá béèrè ọmọ ẹni tí í ṣe. Mọ́ṣádé sọ fún un. Bàbá tún pọ́n àdá náà díẹ̀ kó tó gbé e sílẹ̀.

“Ọmọ ọlọ́mọ fi ara rẹ̀ bò ọ́,” bàbá wí. “Ìwọ ńkọ́, kí ni o fi bo òun?”

Mọ́ṣádé ní òun sunkún nínú ọkọ̀ títí òun fi dé Ìjẹ̀bú-Òde, awakọ̀ sì rò pé òkú ló kú fún òun.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí agogo tó lù, ó wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì pírínsípà. Mo wà níbẹ̀ nítorí èmi ni mo ń bójú tó ìlà lọ́sẹ̀ náà. Ó sọ pé òun ni òun jẹ̀bi, pé ọmọ náà ti sọ òtítọ́ fún òun láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà, òun ni òun fi ìyà lé òtítọ́ náà sẹ́yìn. Pírínsípà mí kanlẹ̀. Ó ní kò burú, ẹ jẹ́ kí a pe ọmọ náà sínú ọ́fíìsì, kí a ti ilẹ̀kùn, kí a rọra pẹ̀tù sí i lọ́kàn, kí a dá a padà sáàárín àwọn tó ń lọ. Ó ní kò yẹ kí olùkọ́ tú ara rẹ̀ síta níwájú àwọn ọmọ kéékèèké, nítorí wọn kò ní bọ̀wọ̀ fún ẹnikẹ́ni nínú wa mọ́. Ká sọ òtítọ́, ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò gba ìmọ̀ràn yẹn, a ó sì dúpẹ́.

Mọ́ṣádé ní rárá. Ó ní gbangba ni òun ti ní kí ọmọ náà kúnlẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe dúró níwájú gbogbo ilé-ìwé. Kò wọ gíláàsì, ó fi í sọ́wọ́. Ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn ń nà sókè kí wọ́n lè gbọ́. Ó ní òjìji ti lọ sí Ẹ̀pẹ́ bí Ikhlas ṣe wí. Ó ní òun kò lọ wò ó, òun kàn bínú ni. Ó ní nígbà tí ìsípẹ́kítọ̀ béèrè lọ́wọ́ òun, òun jẹ́ kí ọmọ tí òun lè bí gba ẹ̀bi òun, ohun tó sì ń ti òun lójú jù lọ nìyẹn. Ó pe Ikhlas jáde, ó ní, “Ikhlas, má bínú sí mi.” Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́, n kò gbọ́ kí àgbà sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọdé lórí ìlà rí. Pírínsípà kéde pé Ikhlas yóò lọ sí Abẹ́òkúta, pé òun yóò sì kọ̀wé sí ìsípẹ́kítọ̀ lónìí. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n àtẹ́wọ́ wọn kò dún tó bí mo ṣe rò. Ojú ń ti àwọn náà fún un.

Mo rò pé ó ti parí síbẹ̀. Lọ́sàn-án, Mọ́ṣádé kó kíláàsì rẹ̀ lọ sí pápá, mo sì tẹ̀lé wọn, Joel náà tẹ̀lé wa. Oòrùn wà lójú ọ̀run. Mọ́ṣádé dúró ti páìpù, ó wo òjìji rẹ̀, ó wo òjìji ara rẹ̀ tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ní ìhà kan náà, ó mi orí. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í fa àwọn èèkàn irọ́ náà tu fúnra rẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ bó ṣe ń fà wọ́n. Ó ní òun ti tọrọ àforíjì, ó dára, ṣùgbọ́n àforíjì kò lè dá iṣẹ́ tó ti ṣòfò padà. Láti ìgbà tí sáà yìí ti bẹ̀rẹ̀, kò sí èèkàn òtítọ́ kan. Kí ni Ikhlas yóò gbé dúró ní Abẹ́òkúta? Àyè ọmọ náà nìkan ni òun gbà padà fún un, òun ti ba ohun tó yẹ kó gbé lọ jẹ́.

Àwọn ọmọ ń wo ara wọn. Usamah, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin náà, fi ìgúnpá tọ́ Ikhlas lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ikhlas kò kọ́kọ́ mira. Nígbà tó yá, ó rìn bọ́ sí ìhà Ẹ̀pẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ya koríko sọ́tọ̀.

Èèkàn wà níbẹ̀. Wọ́n ti gbá a wọlẹ̀ pátápátá, orí rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀, koríko sì ti bò ó. Ó ya koríko iwájú rẹ̀, òmíràn tún wà níbẹ̀. Usamah dara pọ̀ mọ́ ọn, àwọn yòókù náà dara pọ̀. Èèkàn sáà náà pé, wọ́n tò láti ẹ̀bá páìpù lọ sí Ẹ̀pẹ́, ọ̀sẹ̀ kan tẹ̀lé ọ̀sẹ̀ kan, àfi àwọn ọjọ́ tí òjò kò jẹ́ kí wọ́n rí oòrùn. Gbogbo kíláàsì ló mọ̀. Láti ọjọ́ tí Ikhlas ti kúnlẹ̀ ni wọ́n ti ń gbá méjì méjì, ọ̀kan fún olùkọ́ wọn, ọ̀kan fún òtítọ́.

Mọ́ṣádé béèrè ìdí tí wọ́n fi rì wọ́n mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohùn rẹ̀ kéré bíi ti ọmọdé.

“Kí ẹ má baà rí i, mà,” Ikhlas wí. “A ò fẹ́ kí ojú tì yín.”

Mọ́ṣádé rìn lọ sí ìdí èèkàn àkọ́kọ́, ó sì kúnlẹ̀ sínú koríko tútù náà pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì ya koríko kúrò lórí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ sáré sí i, wọ́n ń dì í mú lápá, wọ́n ní ẹ dákun mà, ẹ dìde, èèwọ̀ ni. Ó rọra yọ apá rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ wọn.

“Ẹ fi mí sílẹ̀,” ó wí. “Ojú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là ni.”